Orúkọ Ìyá Ọkọ Mi Tó Di Kọ́kọ́rọ́ Íntánẹ́ẹ̀tì

                                        Ilé Ìyá Ibiere,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Kékeré,
                                        Rumuolumeni,
                                        Port Harcourt,
                                        Ìpínlẹ̀ Rivers.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2021.

Lateefah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi,

Jọ̀wọ́, má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí ojú rẹ bá ti kan ìkọ̀wé mi báyìí, ẹ̀rín lo máa kọ́kọ́ bú sí. Ọwọ́ mi kò dán, ọ̀rọ̀ mi náà sì ń falẹ̀ bí ìgbín tó ń gun igi. Ìwé mẹ́fà tí mo kà náà ni mo ń ná, mi ò ní òmíràn lápò. Bí o bá rí ibi tí lẹ́tà ti ń ṣubú lu ara wọn, mọ̀ pé orí itan ni mo gbé bébà lé, kì í ṣe pé mo ti mu nǹkan kan. Fi sùúrù kà á, má sì gbé e fún ẹnikẹ́ni láti bá ọ kà á o! Àárín èmi àti ìwọ ni.

Báwo ni ara rẹ? Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyá wa ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti ń gbé wọn dé mọ́ṣáláṣí láìdúró sinmi lọ́nà? Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò wọn jà bí ẹni ń bá ọmọ olórí kunkun wí? Àwọn ewúrẹ́ ńkọ́, pàápàá èyí tó jẹ ìborùn mi lọ́sẹ̀ yìgì? Sọ fún un pé mi ò tíì dárí jì í. Gbogbo wa níbí ń dúpẹ́, òjò nìkan ló ń yọ wá lẹ́nu. Òjò ibí kì í mọ̀ pé ó ti tó.

Mo gbọ́ pé fóònù rẹ bọ́ sínú korobá omi. Mo bá ọ kẹ́dùn. Lẹ́yìn tí mo bá ọ kẹ́dùn tán, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ìwọ lo máa ń sọ pé èmi ni ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Ọkọ Àǹtí Ramlah tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan ń wa ọkọ̀ ẹrù, ó ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Ajé, òun ló máa gbé e fún ọ. Bí fóònù rẹ tilẹ̀ wà pàápàá, o mọ̀ mí. Bí mo bá ti gbé fóònù sétí báyìí, ẹnu mi á wúwo, ìwọ á wá máa pariwo “hàlóò, hàlóò” bí ẹni ń pe adìẹ. Lórí bébà, kò sẹ́ni tó ń wò mí lójú.

Wàá fẹ́ gbọ́ bí ilé ọkọ ṣe rí. Ó dùn. Jọ̀wọ́, má bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ń tì mí.

Iṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe kí a tó fẹ́ ara wa náà ló ṣì ń ṣe. Yàrá tó kọjú sí títì ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà méjì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ló wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà nítòsí wa ló ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá kó bá wọn tẹ̀ ẹ́, àwọn mìíràn sì ń wá fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń jókòó tì í. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, bí a ṣe ń pa á, bí a ṣe ń wá lẹ́tà kiri lójú rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, bí mo bá fẹ́ tẹ lẹ́tà kan, màá wá a títí bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Ní báyìí, ìka mi ti ń mọ̀nà. Lateefah, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kì í ṣe ọkọ mi ni mò ń sọ, kọ̀ǹpútà ni. Ó dáa, àwọn méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ìyá ọkọ mi ń ta àlùbọ́sà ní Mile 3. Mama Yabas ni gbogbo ọjà mọ̀ wọ́n sí, torí yabas ni wọ́n ń pe àlùbọ́sà níbí. Obìnrin dáadáa ni wọ́n, ọwọ́ wọn kò há, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kì í yí padà. Wọ́n ní ìwé mẹ́fà kò tó láti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ ọlọ́mọ-ọlọ́mọ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí a ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò àwọn nílé, kó wá gba àga náà, kí èmi máa bá àwọn lọ sí ìsọ̀. Ọmọ náà kàwé dáadáa ní Póòlì, a kò lè purọ́ mọ́ ọn. O mọ̀ ọ́n. Òun ló ń yọ́ ọ wò níbi yìgì wa tí o ń ṣe bí ẹni pé o kò rí i. Faruk. Ọlọ́run dárí jì mí, pẹ́ẹ̀nì mi ti kọ ọ́. Lẹ́nu, Akọ̀wé ni mo ń pè é.

O ṣá mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó wọlé. Ẹnu yóò kàn wá orúkọ mìíràn fún un ni. Ó ya àwọn ọmọ ibí lẹ́nu. Nengi, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a ń bá tẹ iṣẹ́ rẹ̀, bi mí lọ́jọ́ kan pé, “So if fire catch your mama-in-law wrapper, how you go call am?” Mo ní màá pè wọ́n ní Màmá. Ó ní bí àwọn màmá bá pọ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Mo ní nígbà náà, màá pè wọ́n ní Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́. Ó ní kí n tó pè é tán, ìró á ti jóná dé ìdí.

Ọkọ mi bẹ Màmá títí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí n dán an wò fún ìgbà díẹ̀ ná. Màmá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ohun kan ṣoṣo bá sọnù níbẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo bá sunkún, Akọ̀wé ń bọ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ àwọn mọ́. Àti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó lórí àga yẹn bí ẹni jókòó lé ẹyin.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, inú fóònù rẹ̀ ni ọkọ mi ti ń fà á sínú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é láàárín iṣẹ́, gbogbo nǹkan á dúró, akẹ́kọ̀ọ́ á máa pòṣé. Ìyẹn ló mú kó ra ráútà. Má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà ọ́. Àpótí pẹlẹbẹ funfun kan ni, ó ní ìwo méjì lórí, iná kéékèèké sì ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Síìmù ni wọ́n ń fi sí i nínú bíi ti fóònù, òun á wá máa pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ẹ̀rọ inú ilé láìsí okùn kankan. Tamunotonye tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tonye, ọmọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Woji, ló wá bá wa tò ó. Ọkọ mi fẹ́ kí wọ́n gbé e sábẹ́ ibùsùn nítorí olè. Tonye wò ó títí, ó ní, “Oga Akibu, na rat you wan give network?” Ó ní ibi gíga ni wọ́n ń gbé e sí, ní gbangba, kí ògiri má baà dí i lọ́nà. Ni wọ́n bá gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń wo gbogbo wa nílẹ̀ bí olórí ẹbí.

Lẹ́yìn náà ni Tonye jókòó tì wá. Ó yí ẹ̀yìn ráútà sókè, ó fi orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láti ibi tí wọ́n ti ṣe é hàn wá. Pásíwọ́ọ̀dù ni ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní kí a pààrọ̀ méjèèjì lójú ẹsẹ̀, torí èyí tó bá a wá, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ó ní ilẹ̀kùn kan, kọ́kọ́rọ́ kan. Kí ti ráútà yàtọ̀, kí ti kọ̀ǹpútà yàtọ̀, kí ti ímeèlì tí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà wọlé náà yàtọ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ nọ́ńbà fóònù, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìbí, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ìyàwó. Gbogbo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ọkọ mi ń mi orí bí alángbá, ó ń sọ pé, “I know, I know.”

Tonye jáde tán, ọkọ mi fi orúkọ ìyàwó sí i.

Sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Ó ní òun kò fẹ́ gbàgbé. Lateefah, inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo rìn bí ẹni pé wọ́n fi mí joyè. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní iṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ wa ń wá jókòó sẹ́bàá ògiri wa, fóònù lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. Dátà tó yẹ kó lo oṣù kan kò rí ọ̀sẹ̀ kan lò. Nengi ló wá jẹ́wọ́ fún wa. Ó ní òun kò tilẹ̀ ronú kí òun tó mọ̀ ọ́n. “Which name Oga dey shout from morning till evening? Mutmainah, bring water. Mutmainah, come see.” Ojú tì mí débi pé mi ò lè jáde lọ sá aṣọ. Gbogbo géńdé àdúgbò ló ti tẹ orúkọ mi lórí fóònù kí wọ́n lè wo bọ́ọ̀lù.

Inú bí ọkọ mi. Ó yí i padà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kí lo rò pé ó fi sí i? Orúkọ ìyá rẹ̀. Kì í ṣe Mama Yabas o, orúkọ gidi, èyí tí àáfà sọ wọ́n lọ́jọ́ kẹjọ, tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n rí ní Port Harcourt. Sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ló tún ṣe. Ó ní ẹnikẹ́ni kò lè ronú kàn án láéláé, òótọ́ ló sì sọ. Ó ní kí n jókòó kí n tẹ̀ ẹ́ kó lè mọ́ mi lọ́wọ́. Mo di ojú kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo sì ṣì í tẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní rárá. Mo la ojú kan, mo tún un tẹ̀, ó ṣí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá nínú ọkàn mi. Mo sọ fún ara mi pé ìka kì í ṣe ẹnu.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dáadáa nìyẹn. Tonye ti fi nǹkan kan sínú àwọn kọ̀ǹpútà náà tó ń bá wa ṣọ́ wọn, ó sì kìlọ̀ fún mi pé fíláàṣì, igi kékeré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó iṣẹ́ wọn sí, kankan kò gbọdọ̀ wọlé láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí kòkòrò tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ máa ń gba inú rẹ̀ wọlé. Mo di ìkìlọ̀ yẹn mú débi pé Madam Customs ni wọ́n ń pè mí. Kódà ti ọkọ mi, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ṣé òun náà ní kòkòrò ni? Mo ní mi ò mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí. Ọ̀sẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi iṣẹ́ àṣekágbá wọn sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló sì wà nínú ímeèlì yẹn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá yan àsìkò náà láti ṣàìsàn. Ọkọ mi gba Aba lọ láti ra nǹkan tó bàjẹ́ lára rẹ̀, ó fi èmi nìkan sí ṣọ́ọ̀bù. Fóònù ṣọ́ọ̀bù dún. Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ dùn bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn. Ó ní láti ọ́fíìsì ńlá ni òun ti ń pè. Ó dárúkọ ímeèlì ọkọ mi láìṣì í rárá. Kò sí lọ́kàn mi nígbà yẹn pé ara páálí ìpolówó tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà, òun àti nọ́ńbà fóònù. Ó ní nǹkan burúkú kan ti wọ inú ímeèlì náà, pé àwọn fẹ́ tì í pa, ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ á sì parẹ́, àfi bí mo bá sọ pásíwọ́ọ̀dù fún òun kí òun bá wa fọ̀ ọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn.

Ohun tí mo rí lójú mi ni Nengi tó ń sunkún, àti Akọ̀wé tó ń di àpótí rẹ̀ nílé. Mo ní, “Oga, abeg, no close am.” Mo sì la ẹnu láti sọ fún un. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún bẹ́ẹ̀. Mo la ẹnu pátápátá, orúkọ kò jáde.

Ó ní, “Hello? Madam?”

Mo ní, “Na my mama-in-law.”

“Wetin do am?”

“Na her name.”

“Ehen! Wetin be the name?”

“I no fit call am.”

“You no sabi your mama-in-law name?”

“I sabi am.”

“So call am now!”

“E no good.”

Ó wá rọ ohùn bí ẹni ń rọ ọmọ jẹun, ó ní kí ni mo wá ń pè wọ́n? Mo ní Màmá. Mo gbọ́ tí ìka rẹ̀ ń lu nǹkan. Ó ní kò ṣí, ṣé mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo ń pè wọ́n? Mo ní Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí n rọra sọ ọ́. Mo rọra sọ ọ́. Ó mí kanlẹ̀. Lateefah, mo káàánú rẹ̀. Mo rò pé èmi ni mò ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní bí ẹnu mi kò bá lè pè é, kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí òun lórí fóònù. Ìyẹn ló dẹkùn mú mi. Mo ti tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ sí lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ṣé kí n kọ orúkọ ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ sí ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí, kí òun wá máa kà á jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣé kì í ṣe pé èmi ni mo pè é nìyẹn? Mo ní kó jọ̀wọ́ dúró, kí n lọ béèrè lọ́wọ́ àgbà. Ó ní, “Ask who?” Mo ti sáré débi tí Àǹtí Ramlah ti ń ṣa ẹ̀wà, fóònù lọ́wọ́ mi, ọkùnrin náà nínú rẹ̀.

Àǹtí Ramlah gbọ́ ẹjọ́ náà bí adájọ́. Wọ́n gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n ní, “Bí o bá kọ ọ́, ìwọ kọ́ lo pè é. Ẹni tó kà á ló pè é.” Mo ti ń wá ibi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ lójú fóònù nígbà tí wọ́n tún ní, “Dúró ná. Ọkùnrin wo ló tiẹ̀ fẹ́ mọ orúkọ Màmá? Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ṣé ó fẹ́ fẹ́ wọn ni?” Kí n tó dáhùn, ọkùnrin náà ti ń pariwo nínú fóònù pé, “Madam! Time dey go o! Send me the password!”

Ẹ̀yìn wa ni Nengi wà. Ó wá wo bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ ni. Ó já fóònù náà gbà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Who be that?” Ọkùnrin náà pa á mọ́ ọn létí. Nengi wá kọjú sí mi, ó ní kò sí ọ́fíìsì kankan láyé yìí tó ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé olè ni. Ó ní, “Madam Customs! You search everybody flash, and na you wan open gate for thief?” Mo fẹ́ jókòó sílẹ̀, orí ẹ̀wà Àǹtí Ramlah ni mo jókòó lé.

Mo mọ̀ pé ó lè tún pè, ó sì ti mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni. A pe ọkọ mi títí, kò wọlé. A pe Tonye. Ó ní òun kò lè kúrò ní Woji lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí n jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kí n má gbọ̀n, òun á máa sọ ibi tí màá tẹ̀ fún mi. Ó sọ, mo tẹ̀ ẹ́. Ibi tí mi ò ti lè yára kà á, Nengi kà á sí mi létí. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ tuntun tí màá fi sí i, Tonye ní kí n má sọ ọ́ fún òun pàápàá. Mo bá ní kí àwọn tó kù kọjú sí ògiri. Nengi kọjú sí ògiri. Àǹtí Ramlah tí kò mọ á-bí-dí kan náà kọjú sí ògiri, wọ́n tún fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ilẹ̀kùn kan, kọ́kọ́rọ́ kan. Ímeèlì ní tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀, ráútà ní tirẹ̀. Má bi mí, mi ò ní sọ fún ọ. Ìwọ tí o fi orúkọ Láńre rẹ ti fóònù pa, tí gbogbo àwọn tó ń bá ọ dirun sì mọ̀ ọ́n! Nígbà tí o bá ra òmíràn, jọ̀wọ́, fi nǹkan tí kì í ti ẹnu rẹ jáde sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè ọ́ láti ọ́fíìsì ńlá, sọ fún un pé o ń lọ béèrè lọ́wọ́ Àǹtí Ramlah.

Ọkọ mi ti Aba dé, ó jókòó, kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ó tẹ orúkọ ìyá rẹ̀, rárá. Ó tẹ orúkọ mi, rárá. Àwọn oníbàárà ń wò ó. Ó ní, “Mutmainah, kí ló dé?” Mo ní kó gbé etí wá. Ó tẹ̀ba níwájú gbogbo wọn, mo sọ ọ́ sí i létí, wọ́n bá pariwo “Chai, love!” Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ fún un tán, kò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀ pé. Nígbà náà ló tó mí kanlẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ náà má dé Mile 3. Mo gbàgbé pé ọ̀dọ̀ Màmá ni Àǹtí Ramlah ti ń ra àlùbọ́sà. Òní yìí ni Màmá dé, ìró wọn wà lórí èjìká, wọn kò tilẹ̀ gba omi. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé òótọ́ ni pé o kò pè é?” Mo ní mi ò lè pè é, Mà. Wọ́n ní, “Nígbà tó ní àwọn á ti gbogbo rẹ̀ pa ńkọ́?” Mo ní orúkọ yín wúwo lẹ́nu mi, Mà. Mi ò mọ ohun tó wà lójú wọn. Wọ́n ní kí n wọ yàrá lọ, àwọn fẹ́ bá ọmọ àwọn sọ̀rọ̀.

Inú yàrá náà ni mo ti ń kọ ìwé yìí sí ọ báyìí, kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀. Wọ́n wà ní pálọ̀. Mò ń gbọ́ ohùn wọn, mi ò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí Màmá pariwo pé, “Orúkọ mi! O fi orúkọ tí bàbá rẹ kò lè pè ní gbangba ṣe àgádágodo!” Mo gbọ́ tí ọkọ mi ń bẹ̀bẹ̀. Mo tún gbọ́ tí Màmá ní ẹni tó bá kàwé á ti mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé olè ni. Òótọ́ sì ni. Bó bá jẹ́ pé orúkọ tèmi ló ṣì wà níbẹ̀ ni, mo ti pè é fún ọkùnrin yẹn kó tó béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ìtìjú ló gbà mí, kì í ṣe ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ti wọlé báyìí, Lateefah. Kí ẹnikẹ́ni pè mí lónìí, á rí i. Báwo ni mo ṣe wá fẹ́ fi han Màmá? A kì í ṣáà ránṣẹ́ sí olè pé kó tún padà wá.

Bá mi kí Ìyá wa dáadáa, sọ fún wọn pé mò ń jẹun. Bá mi kí Bàbá àti rédíò. Kí Fọláhànmí, ọ̀rẹ́ wa, kó jọ̀wọ́ má tíì gé irun kí n tó wálé. Kí gbogbo àwọn tó bá béèrè mi, kí o sì kí àwọn tí kò béèrè kí ojú lè tì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ti dákẹ́ ní pálọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó dáa tàbí kò dáa. Bí wọ́n bá ní kí Akọ̀wé máa bọ̀, màá gbà, màá bá Màmá lọ sídìí àlùbọ́sà. Ó kéré tán, bí mo bá ń sunkún níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n dúró, ohun tí màá kọ́kọ́ ṣe ni pé màá

Háà, Màmá ń pè mí! Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níta, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ń béèrè nǹkan tí àwọn kò mọ̀, tí ọmọ àwọn náà sì ti gbàgbé, kí ẹni tó ni ín yára jáde wá dá a lóhùn. Lateefah, Màmá fúnra wọn ló sọ ọ́ o, ẹni tó ni

Èmi ni, tìrẹ láìyẹ̀,
Mutmainah